Ẹsẹ̀ Tí Bàbá Àgbà Dá Lóhùn

Nínú ilé wa ní Huntstown, ní Dublin, a kì í dáhùn láti orí àtẹ̀gùn. Bí ìyá mi bá pe orúkọ mi láti ilé ìdáná, mo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí n rí ojú rẹ̀ kedere, kí n tó dáhùn pé "Mà." Bí ọṣẹ bá wà lójú mi ní balùwẹ̀, ó di ìgbà tí mo bá jáde. Àwọn ọmọ tí a jọ lọ sílé ìwé rò pé etí mi di ni. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, ló gbé òfin náà kalẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí ìyá mi wà ní kékeré, ìyá mi sì kó o wá sí Ireland pẹ̀lú àwọn ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí Màmá Àgbà kú tí Bàbá fúnra rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó bá òfin rẹ̀ nílé, inú rẹ̀ sì dùn. "Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́," ó wí fún mi, "panu mọ́. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, á wá ọ wá."

Àwọn ẹbí nílé ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, torí èmi ni mo sún mọ́ ọn jù ní ìgbẹ̀yìn. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti kàwé àti ọdún tó gbéyàwó lè kọ ìyẹn. Èmi mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì Bàbá kì í gbé kúrò nílẹ̀ dáadáa. Òun àti ẹgbẹ́ olórin tó ń bá ta gìtá láyé ọjọ́un ni wọ́n ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ tí ọkọ̀ wọn fi dojú dé, láti ìgbà náà ló ti di pé ẹsẹ̀ ọ̀tún á kanlẹ̀, ti òsì á wọ́ tẹ̀ lé e. Kó, ṣàà. Kó, ṣàà. Bó bá ti ń bọ̀ láti yàrá, gbogbo ilé ti mọ̀. Ìyá mi á sáré pa hítà tó ń mú ilé gbóná, torí Bàbá máa ń pariwo pé a fẹ́ se òun mọ́nú ilé, síbẹ̀ kì í bọ́ kóòtù rẹ̀, yálà ó jókòó sílé ni tàbí ó jáde. Mo máa ń fi ìrìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì máa ń sín in jẹ lójú rẹ̀. Ó ní kí n má fi ẹsẹ̀ òsì òun ṣeré, pé ẹsẹ̀ náà kàn fẹ́ràn ilẹ̀ ju ọ̀tún lọ ni.

Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì tún ni. Ó dá wọn sí kí wọ́n gùn, ó sì máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì tí kò ní àwọ̀ kùn wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí wọ́n má bàa kán. Ojú máa ń ti ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ara Bàbá yá. Bàbá gbọ́, ó na ọwọ́ náà sí obìnrin yẹn kó lè wò ó dáadáa, ó ní, "Irinṣẹ́ mi nìyí. Tìrẹ dà?"

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló ti kọ́kọ́ ta gìtá ní Dublin. Ó gbádùn rẹ̀ títí wọ́n fi yí ohùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú wáyà, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó sì wá jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ ni ìyá mi fi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú, òun kàn ń sinmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ballymun ti wọlé nìyẹn. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Citywest, àtàárọ̀ dalẹ́ lórí ìjókòó, ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí bí arúgbó. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ijó flamẹ́ńkò láàárọ̀ Sátidé, nínú họ́ọ̀lù kan ní Ballymun. Ijó àwọn ará Sípéènì ni, wọ́n ń fi bàtà onígìgísẹ̀ líle jó o lórí pákó, ẹsẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Obìnrin ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Pilar ló ń kọ́ wa. Ẹni tó ń ta gìtá fún un ti padà sílé, ó wá ń fi fóònù gbé orin. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní òun fẹ́ tẹ̀ lé mi, pé ilé ti sú òun. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó wò wá títí a fi ṣe tán. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní, "Orin tí kò rí yín lẹ ń jó sí."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé gìtá rẹ̀ dání. Pilar wo orúkọ rẹ̀ lára káàdì bọ́ọ̀sì tó fi kọ́ ọrùn, ó rí Joseph, ó sì sọ ọ́ di José lójú ẹsẹ̀, bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń pe Joseph. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Kò rọrùn fún un. Àṣìṣe tí Bàbá kọ́kọ́ ṣe, ẹni tó bá ti ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ló lè ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ wa, kò gbọdọ̀ sí ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí pásítọ̀ bá mí, gìtá á bọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, gìtá á máa rìn lábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá gbé ìwà yẹn wọ Ballymun. Ibi tí ijó bá ti dákẹ́ tí ẹsẹ̀ nìkan yẹ kó sọ̀rọ̀, òun náà á ti da orin síbẹ̀. Pilar á pàtẹ́wọ́, á dá gbogbo wa dúró, á ní kí José fi àyè sílẹ̀. Ó fi yé e pé nínú ijó yìí, oníjó ló ni àṣẹ. Bó bá fẹ́ parí, á fi ẹsẹ̀ pe onígìtá, ìpè kan tó dá yàtọ̀, líle, láìsí àṣìmọ̀. Onígìtá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó dáhùn, kí àwọn méjèèjì sì jọ pa orin náà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí onígìtá kò bá dáhùn, oníjó ò lè dúró. Á kàn máa jó lọ ni.

Inú Bàbá ò dùn nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Obìnrin tí kò tó ọmọ bíbí inú òun ló ń pàtẹ́wọ́ dá òun dúró, lójú ọmọ ọmọ òun. Àmọ́ kí a tó dé ilé, ó ti ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀. Nígbà tí a jẹun tán, ó gbé gìtá náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun á jẹ́ oníjó, èmi á jẹ́ onígìtá, pé ibi tí oníjó dúró sí ni òun á ti mọ ohun tó ń fẹ́.

Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Lórí pákó pálọ̀ wa, pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Bàbá á pè mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni ìpè náà ń parí sí, ti Bàbá kì í sì í dé lásìkò. Àwọn yòókù á dún ganran, ti ìgbẹ̀yìn á wá wọ́ dé lẹ́yìn. Kó kó kó, ṣàà. Èmi á ti dáhùn kó tó dé. Á bínú, á ní kí n tún un ṣe. Ó pẹ́ kí n tó mọ bí mo ṣe máa ń mú ọwọ́ dúró de ẹsẹ̀ yẹn. "Má sáré ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, Àjọkẹ́," ó máa ń wí. Òun nìkan ló ń pe oríkì mi.

Ó mọ̀ ọ́n ta nígbẹ̀yìn, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Pilar ò pàtẹ́wọ́ dá a dúró mọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀. Nínú àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni a ti gbọ́ ẹsẹ̀ kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọ̀sán gangan ni kíláàsì wa ń parí, oòrùn á wà lójú fèrèsé, bí oòrùn bá wà. A ti jó ìkẹyìn, a ti pe Bàbá, ó ti dáhùn, gbogbo wa ti dúró. Láti igun họ́ọ̀lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó àga sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ẹsẹ̀ kan pè. Ìpè wa gan-an ni. Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo wo Bàbá. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé okùn gìtá, ó dì í mú pinpin.

Bernie, ìyá àgbà ará Ballymun tí a jọ ń jó, rí ojú mi. Ó ní páìpù hítà lásán ni. "You're grand, love," ó wí, pé kò sí ewu, ó sì ń tú bàtà rẹ̀. Pilar yíjú kúrò ní igun náà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú sí i pé kò fi ẹnikẹ́ni sí igun yẹn rí, bó ti wù kí a pọ̀ tó. Mo bi Bàbá lójú ọ̀nà pé ṣé ó gbọ́. Ó ní, "Páìpù kì í mọ ibi tí orin parí sí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ láti Sátidé dé Sátidé. Bí a bá ti parí, á pè. Bàbá á tẹ́ ọwọ́ lé okùn, á tẹrí ba títí ìpè náà á fi dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ìpè náà ń falẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti jó láti àárọ̀ láìjókòó.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó gbé òróró wá, ó fi kan Bàbá níwájú orí, ó fi kan gìtá náà pẹ̀lú, ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ sí Ballymun mọ́. Bàbá nu òróró ara gìtá nù pẹ̀lú etí kóòtù rẹ̀. Ó ní òun ò tíì dáhùn. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ "tíì" yẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù. Ó rán an létí pé òun ló kọ́ wọn, pé tìtorí rẹ̀ ni wọn ò fi ń jẹ́ ìpè nínú ilé tiwọn.

Bàbá gbé gìtá náà sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ìyá mi alára kò gbọ́ rí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan wà, Láyí, tí wọ́n jọ ń lọ sóko bàbá wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pe Láyí nínú igbó. Láyí dáhùn. Ibà mú un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò sì jọ lọ sóko mọ́. Ìyá mi ní ṣé ó rí i báyìí, kó fi Ballymun sílẹ̀. Bàbá ní láti ìgbà náà, ohun tí òun ń rò ni ti Láyí nìkan, òun ò fi ọjọ́ kan ro ti ẹni tó pè é rí.

"Kí lẹ fẹ́ rò nípa ìyẹn, Daddy?" ìyá mi wí.

"Bóyá ó sọnù ni," Bàbá dáhùn.

Sátidé kejì, ó wọ fìlà rẹ̀ tó dára jù. Mo rò pé ó fẹ́ ti ibẹ̀ yà sílé ẹnì kan ni. A jó, a parí, a dúró. Bernie ti ń wá báàgì rẹ̀. Ìpè náà dún láti igun, ó falẹ̀ débi pé mo rò pé kò ní lè parí rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Ó dáhùn. Kò yára, kò sì pariwo. Bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ, wọ́n sì jọ pa á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Họ́ọ̀lù náà dákẹ́ bí ilé tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Pilar fa àga kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e lọ sí igun náà, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bernie ò mẹ́nu kan páìpù.

Omi wà lójú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ní kí ló dé tó fi ṣe é, ó mọ̀ pé kò yẹ. Ó ń nu gìtá rẹ̀ lọ.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ó wí. "Ó fẹ́ jókòó ni."

A ò gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn mọ́ látọjọ́ náà. Bàbá jẹun dáadáa, ó bá ìyá mi ṣàwàdà, ó tún padà ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi àyè sílẹ̀ nínú orin débi pé pásítọ̀ ń wò ó bóyá ó ti sùn. Kí ọdún tó parí, ó kú lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, lọ́sàn-án, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé kò jẹ̀rora. Ìyá mi ò bá dókítà jiyàn. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Wọ́n pè é, ó dáhùn." Ó wọ́ gìtá náà lọ sẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ àwọn garawa ìdọ̀tí. Mo lọ gbé e padà, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo rò pé ìyá mi mọ̀.

Nígbà tí Pilar ní kí n wá jókòó sí ipò Bàbá, mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo gbà. Mo ṣe gbogbo àṣìṣe tí Bàbá ṣe àti àwọn mìíràn tí kò mọ̀. Bernie á ṣẹ́jú sí mi bí mo bá ṣì í, á ní èmi àti bàbá àgbà mi bára wa mu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìka mi tó gbọ́ràn. Sátidé tí mo kọ́kọ́ bá wọn parí láìṣìṣe, tí gbogbo wa dúró, tí inú mi ń dùn, ìpè kan jáde láti igun.

Kó kó kó, ṣàà.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé okùn bí Bàbá ṣe máa ń ṣe, mo tẹrí ba. Òun ló kọ́ mi. Ẹni tí n kò bá rí, kí n panu mọ́. Ó tún un pè, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ dé lẹ́yìn, ó sì dákẹ́. Sátidé kejì, ó tún wá. Bí mo bá dáhùn, bóyá ohun tó mú Láyí, tó mú Bàbá náà, á mú mi. Bí n kò bá dáhùn, Bàbá ló wà lórí ìdúró yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Mo sọ fún ìyá mi. Kò pariwo. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Ballymun ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òróró wà nínú báàgì rẹ̀, ó ní bí a bá ti ṣe tán, òun á fa èmi àti gìtá jáde, kò sì sí ìpadàbọ̀. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò jókòó, kò bọ́ kóòtù. A jó, a parí. Mo tẹ́ ọwọ́ lé okùn.

Kó kó kó, ṣàà.

Mo gbójú sókè wo ìyá mi. Ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ pa hítà. Báàgì rẹ̀ jábọ́. Ìró tó gbọ́ láti kékeré ni, lórí sìmẹ́ńtì Ìbàdàn, lórí pákó Huntstown, ó mọ̀ ọ́n ju bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó wo igun náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi àga Pilar.

Ìpè náà tún dún, ó ti falẹ̀ díẹ̀.

"Tọ́pẹ́," ìyá mi wí, "dá a lóhùn. Bàbá mi ni."

Mo gbé ọwọ́ mi. Mo dáhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, mo mú ọwọ́ dúró, mo dúró de ẹsẹ̀ òsì. Ó wọ́ dé. A jọ pa á dé. Àga tó wà ní igun dún lẹ́ẹ̀kan, bí àga ṣe máa ń dún bí àgbàlagbà bá fara balẹ̀ jókòó sí i. Ìyá mi kúnlẹ̀ sórí pákó níbi tó wà, bó ṣe máa ń kí i láàárọ̀.

Nígbà tí a délé, mo gòkè lọ bọ́ bàtà, mo ń gbọ́ ìró ìkòkò nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kan pè mí láti ilé ìdáná, jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn kí n lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ojú rẹ̀, bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Mo dúró. Mo dáhùn láti ibi tí mo wà.

N kò tíì béèrè lọ́wọ́ ìyá mi, títí di òní, bóyá òun ló pè mí.